Ìkùukùu Tí Wọ́n Yọ Lójú Mi, àti Ìfúnpá Tó Bá A Wálẹ̀

Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún nílé ìwòsàn pé ẹ ní gulokóòmà, tí wọ́n tún wá sọ pé ìkùukùu ti bo ẹyin ojú kan náà, pé ó yẹ kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ láti yọ ọ́, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Mo mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń rí létí ẹni. Mo mọ bí èèyàn ṣe máa ń jókòó pa sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn tí dókítà bá ti sọ̀rọ̀ tán. Èmi kì í ṣe dókítà. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ, bó ṣe ṣẹlẹ̀ sí mi gan-an.

Orúkọ mi ni Ràṣídì. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, àmọ́ Ìkòròdú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo sì bímọ sí. Atukọ̀ ni mí. Mo máa ń kó èrò láti Èbúté Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó láàárọ̀, màá sì kó wọn padà nírọ̀lẹ́. Láti ìgbà tí mo ti wà ní géńdé ni mo ti ń ṣe é. Mo mọ ọ̀sà yẹn bí èèyàn ṣe ń mọ àgbàlá ilé rẹ̀. Mo mọ ibi tí iyanrìn ti ga lábẹ́ omi, mo mọ ibi tí àwọn apẹja ń na àwọ̀n sí, mo mọ ibi tí ojú-oró máa ń dí pa nígbà òjò.

Ohun tó tan mí jẹ jù ni pé kò dùn mí. Orí máa ń fọ́ mi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì rò pé oòrùn orí omi ni. Tí mo bá wo gílóòbù iná, mo máa ń rí òrùka aláwọ̀ oríṣiríṣi tó yí i ká, mo ní ojú ló rẹ̀ mí. Èjìká mi òsì ṣáà ń kọlu férémù ilẹ̀kùn. Sìdíkátù, ìyàwó mi, tó ń rán aṣọ iléèwé fún àwọn ọmọ àdúgbò wa, máa ń gbé omi wá fún mi láti ọwọ́ òsì, mi ò ní gbà á. Á dúró síbẹ̀ tòun ti ife lọ́wọ́. Ó rò pé mo ń bínú sí òun ni. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé kí ni òun fi ṣẹ̀ mí. Mo ní kò ṣẹ̀ mí, pé mi ò rí ife náà ni. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, a sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ mi kún fún àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọjá Ipakodo, omi pa rọ́rọ́, ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Ṣàdédé ni àwọn èrò tó jókòó lápá òsì figbe ta. Nígbà tí mo fi máa yí orí, ọkọ̀ kékeré apẹja kan ti wà níwájú wa níbẹ̀, ó sún mọ́ wa débi pé mo rí ẹja tó wà nínú rẹ̀. Mo yí ọkọ̀ sápá ọ̀tún, mo pa ẹ́ńjìnnì. A ò kọlù ú, ṣùgbọ́n ìgbì tí ọkọ̀ wa dá sílẹ̀ dojú tirẹ̀ dé. Ọkùnrin náà yọ orí láti inú omi, ó di etí ọkọ̀ wa mú, a fà á wọlé, a sì bá a gbá ọkọ̀ àti àwọ̀n rẹ̀ mú. Ó jókòó sílẹ̀, omi ń ro lára rẹ̀, ó wò mí títí. Èébú ni mo ń retí. Kò bú mi.

"Bàbá," ó ní, "láti òkèèrè ni mo ti ń fi àjẹ̀ juwọ́ sí yín. Ẹ kọjú síbi tí mo wà. Ẹ ò rí mi rárá."

Mo rọra gbé àwọn èrò náà dé Èkó. Mo gbé ọkọ̀ padà sí Ìkòròdú lófìfo, mi ò sì kó ẹnikẹ́ni nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Sìdíkátù mú mi lọ sílé ìwòsàn ojú. Ẹ múra sílẹ̀ de ìlà. Bí a ti kírun àárọ̀ tán la kúrò nílé, síbẹ̀ a bá bẹ́ǹṣì tó ti kún. Ẹ mú oúnjẹ dání, ẹ mú omi, kí ẹ sì mú ẹnì kan tó máa bá yín délé, torí wọ́n máa ń kán oògùn kan tó ń mú kí ojú là gbàgà, oòrùn á wá máa gún yín bí abẹ́rẹ́. Àwọn tí mo bá lórí bẹ́ǹṣì ló kọ́kọ́ sọ gbogbo èyí fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n yẹ ìfúnpá inú ojú mi wò. Wọ́n ní ó ga. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé irin kan níwájú abọ́ funfun ńlá kan, kí n tẹjú mọ́ àmì tó wà láàárín rẹ̀, kí n máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkígbà tí iná kékeré bá tàn nínú abọ́ náà. Mo jókòó, mo ń retí iná. Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀kan. Mo sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó dà bíi pé ẹ̀rọ wọn ti bàjẹ́. Ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Dókítà tó rí mi jẹ́ obìnrin kan tí kò lè dàgbà ju àkọ́bí mi lọ. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé pé gulokóòmà ni. Ó ní omi kan wà tó ń sun nínú ojú gbogbo èèyàn, tó sì ní ọ̀nà tó ń gbà jáde. Tí ọ̀nà yẹn kò bá gbà á dáadáa mọ́, omi á máa ti ojú láti inú, òun ni ìfúnpá tí wọ́n yẹ̀ wò, á sì máa pa iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sínú ọpọlọ. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ìdí nìyẹn tí èèyàn kì í fi í tètè mọ̀. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà wá, pé oògùn kò lè dá a padà, iṣẹ́ abẹ kò lè dá a padà. Èyí tó kù ni gbogbo wa máa jọ ṣọ́. Ojú òsì mi ti pàdánù púpọ̀. Ti ọ̀tún ṣì dára, àmọ́ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo béèrè nípa iṣẹ́ mi. Kò fi pamọ́ fún mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má kó èrò mọ́," ó ní. "Ẹ lè ka ìwé, ẹ lè dá rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí ẹni tó ń bọ̀ láti òsì yín."

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, mo ti fi kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lé ẹni tó ni ín lọ́wọ́. Mo ti rò pé màá bú sẹ́kún níbẹ̀, àmọ́ ojú apẹja yẹn ni mo ń rí. Ẹni tó ni ọkọ̀ ṣe mí bí ọmọ ìyá. Ó ní kí n dúró sí èbúté, kí n máa rí sí i pé gbogbo èrò wọ jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì, kí n sì máa wò ó pé ọkọ̀ ò kún jù. Iṣẹ́ yẹn ni mo ń ṣe títí dòní.

Wọ́n fún mi ní oògùn tí màá máa kán sójú. Ọ̀kan ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tó yá ó di oríṣi mẹ́ta. Wọ́n ń ta, wọ́n ń pọ́n ojú, ọ̀kan nínú wọn sì máa ń korò wá sí ọ̀nà ọ̀fun mi bí ìgbà tí mo gbé e mì. Sìdíkátù ló ń kán an fún mi, torí tí mo bá ń kán an fúnra mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń lọ. Owó rẹ̀ kò kéré, ó sì láwọn oṣù tí a dín ìnáwó ilé kù kó tó ṣeé rà, àmọ́ a ò jẹ́ kó já. Ìfúnpá náà wálẹ̀ díẹ̀, kò wálẹ̀ tó bí dókítà ṣe fẹ́.

Ohun tó wá dẹ́rù bà mí jù lọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Ojú ọ̀tún, tó jẹ́ pé òun ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ o, gbogbo rẹ̀ ni, bí ìgbà tí èéfín bo dígí fìtílà. Mi ò lè ka Kùránì mọ́. Àwọn èrò tó ń kí mi ní èbúté, ohùn wọn ni mo fi ń mọ̀ wọ́n. Mo gbà lọ́kàn mi pé gulokóòmà ti fẹ́ parí iṣẹ́ rẹ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, mo kàn ń fọkàn ka àwọn nǹkan tí mo fẹ́ wò dáadáa kó tó ṣú pátápátá.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ní kì í ṣe ohun tí mo rò. Ó ní dígí tí Ọlọ́run dá sínú ojú èèyàn ló ti darúgbó, tó ṣú, òun ni ìkùukùu ojú tí wọ́n ń pè ní kátáráátì, wọ́n sì lè yọ ọ́ kí wọ́n fi tuntun sí i. Ó tún sọ ohun tí mi ò retí. Ó ní nínú ojú tèmi, dígí àtijọ́ yẹn ti wú, ó sì ti ń fún ọ̀nà tí omi ń gbà jáde. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ó ṣeé ṣe kí àyè gba omi dáadáa, kí ìfúnpá sì wálẹ̀. Ó ní òun ò lè ṣèlérí, pé ti ẹlòmíràn máa ń wálẹ̀ dáadáa, ti ẹlòmíràn díẹ̀, ti ẹlòmíràn kì í wálẹ̀ rárá.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ẹbí ti wọlé. Bàbá wa fọ́ lójú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ẹ̀pẹ́, àwọn ẹbí mú Bàbá lọ síbi tí wọ́n ti yọ ìkùukùu lójú wọn. Wọ́n padà wálé, wọ́n ríran, gbogbo ilé yọ̀. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, òkùnkùn bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn mọ́ láti ẹ̀gbẹ́ títí wọn ò fi rí nǹkan kan mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Rísíkátù, ló ń fa Bàbá lọ́wọ́ kiri. Òun ló ń bu omi àlùwàlá fún wọn títí wọ́n fi kú. Gbogbo ẹbí wa ló gbà pé ọ̀bẹ dókítà ló fọ́ ojú Bàbá.

Nítorí náà, nígbà tí Àǹtí Rísíkátù gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún mi, ó ránṣẹ́ pè mí wá sí Ẹ̀pẹ́. Mo bá a ní Ọjà Olúwo níbi tó ti ń ta ẹja yíyan. Ó fa ìgò kan yọ lábẹ́ tábìlì. Omi ewé ni, wọ́n ti fún àlùbọ́sà sí i, ó ní obìnrin kan fi wo ojú ọmọ rẹ̀ sàn. Mo ní dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé ká má ṣe kán irú rẹ̀ sójú. Ó gbé ìgò náà sílẹ̀, kò bá mi jiyàn. Ó wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ràṣídì, èmi ni mo fa Bàbá lọ́wọ́. Ìwọ ṣì kéré. O ò mọ bó ṣe rí. Ojú kan ló kù fún ọ, o sì fẹ́ gbé e fún wọn."

Òótọ́ ni pé ojú kan ló kù fún mi. Mo padà sí Ìkòròdú, mo sì fi oúnjẹ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Sìdíkátù ò tì mí síbì kankan. Ó kàn ní, tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Bàbá ló ń dẹ́rù bà mí, ṣé mo ti bi dókítà nípa rẹ̀? Mi ò tíì bi í.

A lọ bi í. Dókítà náà fi pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí mo ń sọ ìtàn Bàbá. Nígbà tí mo sọ tán, ó ní, "Mi ò rí Bàbá yín, Bàbá, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni òkùnkùn náà ti bẹ̀rẹ̀, gulokóòmà ló jọ. Lẹ́yìn tí wọ́n yọ ìkùukùu yẹn, ta ló ń yẹ ìfúnpá ojú wọn wò?"

Mo ronú sí i. Kò sí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Bí Bàbá ṣe ríran báyìí, a gbé wọn wá sílé, a dúpẹ́, a ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé nǹkan méjì ló wà lójú wọn.

Mo pe Àǹtí Rísíkátù lórí fóònù, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì ní màá ṣe iṣẹ́ abẹ náà. Ó ní òun ò gbà gbọ́, àmọ́ òun máa wá lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ náà, kí òun lè wà níbẹ̀. Ó sì wá lóòótọ́, ó gbé ẹja yíyan dání fún gbogbo ilé.

Ẹ̀yin tí ẹ̀rù iṣẹ́ abẹ náà ń bà, ẹ gbọ́. Wọn ò fún mi ní oògùn oorun. Wọ́n kán oògùn tó pa ojú mi kú, wọ́n fi aṣọ bo orí mi, mo ń gbọ́ ohùn dókítà tó ń sọ fún mi pé kí n má mira. Iná funfun ni mo ń rí, àti omi tó ń ṣàn. Kò dùn mí. Mo ń ka àwọn súúrà kéékèèké nínú ọkàn mi, mi ò sì tíì kà wọ́n débi tí mo rò tí wọ́n fi ní ó ti parí.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n tú aṣọ tí wọ́n fi bo ojú náà. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni àwọ̀ ìborùn Sìdíkátù. Mo ti rò pé àwọ̀ eérú ni. Àwọ̀ búlúù ni, búlúù tó mọ́ lóló. Mo sọ fún un, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti rà á ló ti jẹ́ búlúù. Àǹtí Rísíkátù jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo rí i bí ọjọ́ orí ti hàn lójú rẹ̀ tó, mi ò sọ ìyẹn jáde.

Inú wa ń dùn lọ́wọ́ nígbà tí dókítà yẹ ìfúnpá wò. Ó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, mo sì rí i pé Bàbá ló ń rò. Dókítà tètè sọ pé irú rẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, pé ìdí tí òun fi ní ká wá lọ́jọ́ kejì gan-an nìyẹn, kí òun lè ká a mọ́. Ó fún mi ní hóró oògùn. Oògùn náà ń mú kí ìka mi máa ta ṣíoṣío, ó ń lé mi lọ ilé ìtọ̀ ṣáá, ọtí ẹlẹ́rìndòdò sì ń dà bí irin lẹ́nu mi. Àǹtí Rísíkátù kọ̀, kò padà sí Ẹ̀pẹ́. Ó fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bá a tajà, ó ń sùn sílé wa, ó sì ń bá mi lọ ilé ìwòsàn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ní ká wá. Nígbà tí a máa fi lọ lẹ́ẹ̀kejì, ìfúnpá náà ti wálẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ó wálẹ̀ ju bó ṣe wà láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà á gbọ́. Ó ní kí n fi oríṣi méjì sílẹ̀ nínú oògùn mẹ́ta tí mo ń kán, kí n máa kán ọ̀kan ṣoṣo.

Mi ò ní pa irọ́ fún yín. Ọkùnrin kan wà tí a jọ máa ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, wọ́n yọ ìkùukùu tirẹ̀ náà, ó ń ríran kedere, àmọ́ ìfúnpá rẹ̀ kò wálẹ̀. Wọ́n ní láti ṣiṣẹ́ abẹ mìíràn fún un láti la ọ̀nà fún omi. Ara rẹ̀ ti yá báyìí. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé yíyọ ìkùukùu ni ìwòsàn gulokóòmà. Kì í ṣe òun. Ó ràn mí lọ́wọ́, ó sì ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀, àmọ́ mo ṣì ní gulokóòmà, màá sì ní in títí dọjọ́ ikú.

Ọjọ́ tí dókítà gba oògùn méjì yẹn kúrò lọ́wọ́ mi ni Àǹtí Rísíkátù bi í léèrè pé ṣé àìsàn yìí máa ń rin inú ẹbí. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni, pé ọmọ ìyá ẹni tó ní in ló yẹ kó kọ́kọ́ wá ṣàyẹ̀wò. Ẹ̀gbọ́n mi ṣí ìborùn rẹ̀, ó jókòó sórí àga tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí rẹ̀.

"Ẹ yẹ tèmi náà wò," ó ní.

Ìfúnpá tirẹ̀ ga. Nígbà tí wọ́n ní kó gbé àgbọ̀n lé irin níwájú abọ́ funfun yẹn, mo dúró síta. Ó jáde wá, dókítà tẹ̀ lé e, ó ní kò tíì pàdánù nǹkan kan. Wọ́n ti tètè rí i, wọ́n sì fún òun náà ní oògùn tí á máa kán sójú. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó tì mí, ó fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀, ó ní, ká ní ẹnì kan ti bá Bàbá ṣe báyìí ni. Àwa méjèèjì jókòó síbẹ̀ títí ìlà fi tán.

Ẹ jọ̀wọ́, tí ẹ bá ní in, ẹ mú àwọn ọmọ ìyá yín lọ. Ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ. Àwọn ọmọ tèmi ti lọ, kò tíì sí lára wọn, wọ́n á sì máa padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí mo ti ń kọ èyí, ìfúnpá ojú mi ò tíì gòkè padà. Mo ń lọ síbi àyẹ̀wò ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá fún mi, bí mo tilẹ̀ ń gbádùn ara mi. Ẹ̀gbẹ́ òsì mi kò padà wá, mi ò sì retí rẹ̀ mọ́. Sìdíkátù ló máa ń rìn lápá òsì mi tí a bá jáde. Mo ń ka Kùránì mi pẹ̀lú awò. Láàárọ̀, mo máa ń rí ojú àwọn èrò tó ń wọ ọkọ̀, mo sì ń fi orúkọ kí àwọn tí mo mọ orúkọ wọn. Ara tù mí. Mi ò rò pé mo lè sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí gbogbo èyí bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun àṣámù nírọ̀lẹ́, fóònù mi á dún. Ẹ̀gbọ́n mi ni, láti Ẹ̀pẹ́. Kì í kí mi kó tó bi mí pé ṣé mo ti kán ojú mi. Màá ní mo ti kán an, màá sì bi í pé òun náà ńkọ́. Á ní kí n ní sùúrù, pé òun ti gbé orí sókè, pé òun ti ń kán an lọ́wọ́.